Ọdẹ orí ayélujára: ẹ má jẹ́ kó lé oníbàárà pẹ̀lú olè

Kò sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, tí kò mọ iṣẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru. Bí ọdẹ bá rí ẹnì kan tó ń rìn gbéregbère nítòsí ṣọ́ọ̀bù láago méjì òru, kì í kọ́kọ́ yìnbọn. Yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí i, yóò bi í pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ ọdẹ lọ́rùn, yóò ní kó dúró sójú kan. Ìgbà tó bá rí i pé onítọ̀hún ti ń fi irin já àgádágodo ni yóò tó fọn fèrè, tí yóò sì dì í mú. Ọdẹ tó bá ń yìnbọn lu gbogbo ẹni tó bá kọjá, ọjà tó ń ṣọ́ kò ní í pẹ́ tú, nítorí àtolè àtoníbàárà ni yóò sá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò kékeré tí ẹ ti gbé ọjà yín lọ sórí ayélujára. Ní Àpápá, àwọn tó ń bá èèyàn gbẹ́rù jáde ní wáfù wà tí wọ́n ti ní ìkànnì tí oníbàárà lè ti béèrè iye tí iṣẹ́ wọn jẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ, bàtà, pátì ọkọ̀ àti oúnjẹ wà tí wọ́n ń gbowó lórí ìkànnì tiwọn. Ṣùgbọ́n ìkànnì kì í ti ìlẹ̀kùn lálẹ́. Tọ̀sán-tòru ló wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni níbikíbi láyé ló sì lè wá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó ní ọdẹ tirẹ̀, ìyẹn ètò tí yóò máa dá ẹni tó bá mú ìfura dání lóhùn fúnra rẹ̀, láìdúró de ọ̀gá.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìkànnì tí kò lọ́dẹ rárá. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí, ni ìkànnì tí ọdẹ rẹ̀ le jù, tó ń lé àwọn tó fẹ́ rajà, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀. Ẹni tí olè jà yóò pariwo. Oníbàárà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójú kì í pariwo, ṣe ló máa gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, a fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè tò ó tí ọdẹ yín yóò fi mọ olè yàtọ̀ sí oníbàárà.

Àwọn wo ló ń wá láìpè?

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ ìkànnì kì í ṣe èèyàn. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n rán níṣẹ́ kiri ayélujára. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Rọ́bọ́ọ̀tì Google, bí àpẹẹrẹ, ń wá wo ọjà yín kó lè júwe yín fún ẹni tó bá ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó burú tó sì máa ń yọ oníṣòwò kékeré lẹ́nu jù pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń méfò páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n á lọ sí ojú ewé tí ọ̀gá ìkànnì ń gbà wọlé, wọ́n á máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún kọ́kọ́rọ́ dání síwájú ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. WordPress, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kékeré ń lò, kì í fúnra rẹ̀ dá ẹni tó ń ṣi páásíwọ́ọ̀dù léraléra dúró. Àfi kí ẹni tó ni ìkànnì fi ètò mìíràn kún un.

Èkejì ni àwọn tó ń dán káàdì báńkì wò. Ẹni tó bá ti jí nọ́ńbà káàdì ATM àwọn èèyàn kó jọ kò mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Yóò wá ìkànnì kékeré kan, yóò máa fi káàdì kọ̀ọ̀kan ra nǹkan tówó rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó bá gbà, ó ti mọ̀ pé ó dára nìyẹn, ibòmíràn ni yóò ti lọ fi ná owó ńlá. Orí oníṣọ́ọ̀bù ni ẹjọ́ máa ń já sí, nítorí ẹni tó ni káàdì yóò ní kí wọ́n dá owó òun padà, iléeṣẹ́ tó ń bá a gbowó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń rọ́ wọ ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà bí omi ẹ̀kún. Wọn kò fẹ́ jí ohunkóhun. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹnu ọ̀nà dí, kí oníbàárà tòótọ́ má ráyè wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní, "Ẹni kékeré ni mí, ta ni yóò máa wá mi kiri?", kó rántí pé rọ́bọ́ọ̀tì kì í wo bí ṣọ́ọ̀bù ṣe tóbi tó. Gbogbo ìlẹ̀kùn ló ń tì wò, èyí tó bá ṣí ló máa wọ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Làìbéríà àti láti ilé

Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar ní Làìbéríà rí irú omi ẹ̀kún bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daniel Kaye ló wà nídìí rẹ̀. Ó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lórí ayélujára sábẹ́ àṣẹ rẹ̀, títí kan àwọn kámẹ́rà tí èèyàn fi ń ṣọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní kí gbogbo wọn kọlu Lonestar lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ nílé ẹjọ́ pé òṣìṣẹ́ Cellcom, iléeṣẹ́ tó ń bá Lonestar figagbága, ló háyà rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan nílùú London sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní, ìkọlù lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń tajà kan náà. Èkejì, àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò mọ nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn tí ìkọlù gbà jáde kì í sábà jẹ́ ilé olè, ilé ẹni tí olè ti kọ́kọ́ jà ni. Ẹ̀yin tí ẹ so kámẹ́rà mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó bá a wá látinú páálí, ẹ tètè pa á dà.

Nílé níbí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, alága àjọ elétò ìdìbò nígbà náà, Mahmood Yakubu, sọ pé àwọn kan gbìyànjú láti kọlu ìkànnì tí àjọ náà ń gbé èsì ìdìbò sí, lásìkò ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun lọ́dún náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí i ṣe. Nígbà tó di ọdún 2023, mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Isa Pantami, kéde pé ìgbìyànjú ìkọlù 12,988,978 ni wọ́n kà lásìkò ìdìbò ààrẹ. Ó ní ìkọlù tó máa ń jẹ́ nǹkan bí 1,550,000 lójúmọ́ fò sókè sí 6,997,277 lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, ìyẹn ọjọ́ 25, oṣù kejì.

Ẹ wo ohun tí iye yìí ń sọ. Kò sí iye òṣìṣẹ́ tó lè jókòó máa dá mílíọ̀nù méje lóhùn ní ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe é. Ẹ tún kíyè sí i pé ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ni ìkọlù pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sẹ̀ Iléyá, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ìparí oṣù nìyẹn, àwọn ọjọ́ tí ẹ kò fẹ́ kí oníbàárà kankan bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ọdẹ gbọdọ̀ mọ̀

Àwọn tó ń ta ètò ààbò ayélujára máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé nǹkan méjì péré ló wà: kí o jẹ́ kó wọlé, tàbí kí o tì í síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ni ìgbésẹ̀ tí ẹ lè ní kí ẹ̀rọ gbé, ó sì yẹ kó gbé wọn tẹ̀léra wọn.

Àkọ́kọ́ ni kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ yóò kọ aago, àdírẹ́sì ẹni tó wá, ojú ewé tó ṣí àti ohun tó ṣe, kò ní í dí i lọ́wọ́. Èyí ni ìgbésẹ̀ fún ohun tó ṣàjèjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára.

Èkejì ni kó dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àpápá mọ ohun tí à ń sọ. Gbogbo wa la rántí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tírélà tó gba ojú ọ̀nà kan. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2021, àjọ tó ń mójútó èbúté ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ wa, NPA, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní "Ètò". Tírélà gbọdọ̀ dúró sí gáréèjì tí wọ́n fọwọ́ sí títí tí wọ́n á fi pè é lórí ẹ̀rọ pé ó ti kàn án láti wọ èbúté. Wọn kò ní kí tírélà má wá mọ́, wọ́n ní kó wá nígbà tó bá kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkànnì ṣe lè sọ fún ẹni tó ń béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan pé, "Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù, ní sùúrù díẹ̀." Àmì rẹ̀ lédè kọ̀ǹpútà ni 429. Rọ́bọ́ọ̀tì rere, bíi ti Google, mọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò sì dẹ ìrìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kó dán an wò. Ẹ̀rọ yóò bi àlejò ní ohun tó rọrùn fún èèyàn ṣùgbọ́n tó ṣòro fún rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ ti rí èyí tó máa ń ní kéèyàn mú àwòrán iná ojú pópó láàárín àwòrán mẹ́sàn-án. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú irú ìyẹn. Oníbàárà tí fóònù rẹ̀ kéré, tí dátà rẹ̀ sì ti fẹ́ tán, kò ní í ráyè máa wo àwòrán. Àwọn ìdánwò mìíràn wà tí ẹ̀rọ ń ṣe lábẹ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí oníbàárà kò ní í tẹ ohunkóhun. Irú ìyẹn ni kí ẹ béèrè fún.

Ẹ̀kẹrin ni kó tì í síta. Èyí wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan àgádágodo: ẹni tó ti ṣi páásíwọ́ọ̀dù léraléra, tàbí tó ti dán káàdì mẹ́fà wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtìsíta náà sì gbọdọ̀ ní àsìkò tí yóò tán. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ sọ báyìí.

Àdírẹ́sì kan, ogunlọ́gọ̀ èèyàn

Ohun tí ẹ̀rọ máa ń fi dá àlejò mọ̀ ni àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbé wá sórí ayélujára. Nọ́ńbà ti àtijọ́, tí púpọ̀ nínú ayélujára ṣì ń lò, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé, kò sì tó fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù wá ń ṣe ni pé wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ilé gbogboógbò tí ayálégbé púpọ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní Àmùkòkò, ẹni tó wà ní Ọlọ́dì-Àpápá àti ẹni tó wà ní Tólú lè jọ wọ ìkànnì yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí ẹ̀rọ yín sì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Ká ní ẹ̀ ń ta aṣọ, ẹ wá fi ìpolówó Iléyá ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago méje alẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ogójì èèyàn ti tẹ̀ ẹ́, olúkúlùkù ń wo aṣọ méje sí mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ àdírẹ́sì kan ni púpọ̀ wọn wà, ohun tí ẹ̀rọ máa rí ni pé "ẹnì kan" ṣí ìkànnì nígbà tó tó 300 ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá ti ní kó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta fún wákàtí 24, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ẹ pè wá. Ẹ̀yin náà á máa sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ọjà kò yá.

Ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé ayélujára wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Báńkì àti oníṣòwò ló fara gbá a nílẹ̀ wa. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà báyìí, kí ni oníbàárà máa ń ṣe? Yóò tẹ bọ́tìnì "sanwó" lẹ́ẹ̀kan, kò lọ. Yóò tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lójú ẹ̀rọ, ó jọ ẹni tó ń dán káàdì wò.

Olè ńkọ́? Olè kì í dúró sí àdírẹ́sì kan. Bí a ṣe rí i nínú ọ̀rọ̀ Làìbéríà, ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ló ń lò, bí ẹ bá ti ọ̀kan, yóò bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó bá wá ti àdírẹ́sì kan pa fún oṣù kan, àwọn aládùúgbò ló ń fìyà jẹ. Olè ti lọ tipẹ́.

Ẹ má ti odindi orílẹ̀-èdè

Ìmọ̀ràn kan tó wọ́pọ̀ ni pé kí oníṣòwò ti gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè kan síta. Ọmọ Nàìjíríà ló yẹ kó mọ bí ìyẹn ṣe ń dun èèyàn tó. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2014, orúkọ orílẹ̀-èdè wa kò sí lára àwọn tí PayPal ń bá ṣòwò, nígbà tí wọ́n sì ṣí i fún wa lọ́dún náà, sísan owó nìkan ni, kì í ṣe gbígbà. Jìbìtì àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa.

Yàtọ̀ sí pé kò dáa, ó tún lè pa òwò lára. Ẹni tó ń gbẹ́rù jáde ní wáfù Àpápá ní oníbàárà ní London, ní Houston àti ní Kùtọnù, ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí i sì lè wà ní Ṣáínà. Bí ó bá ti Ṣáínà pa, ẹni tó fẹ́ bi í léèrè kọ̀ǹténà rẹ̀ ló tì mọ́ta. Bí ìbẹ̀rù bá pọ̀, ojú ewé tí ọ̀gá ń gbà wọlé nìkan ni kí ẹ fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dè, nítorí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ yín nìkan lẹ ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tí ọdẹ kò gbọdọ̀ dá dúró

Nígbà tí oníbàárà bá sanwó nípasẹ̀ iléeṣẹ́ bíi Paystack tàbí Flutterwave, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà ni yóò ránṣẹ́ sí ìkànnì yín pé owó ti wọlé. Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí èèyàn tó lè dáhùn ìdánwò. Bí ọdẹ yín bá le jù, yóò ka ìránṣẹ́ owó sí rọ́bọ́ọ̀tì burúkú, yóò sì lé e. Oníbàárà yóò ní òun ti sanwó, báńkì yóò ní owó ti kúrò, ìkànnì yín yóò ní kò tíì san. Àríyànjiyàn dé nìyẹn.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín mójútó ìkànnì pé kó yọ ojú ọ̀nà tí ìránṣẹ́ yìí ń gbà kúrò lábẹ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kó gba ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìsanwó gbọ́ o. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí máa ń fi àmì àṣírí sára iṣẹ́ tí wọ́n bá rán. Kí ìkànnì máa yẹ àmì náà wò, kó tó gbà pé owó wọlé. Bákan náà ni ti Google. Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní rọ́bọ́ọ̀tì Google, ṣùgbọ́n Google ti gbé àwọn àdírẹ́sì tirẹ̀ síta kí èèyàn lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ ṣe lè tò ó

Owó rẹ̀ kò wọ́n. Cloudflare ní ọ̀kan tí èèyàn kì í sanwó fún, ó sì mọ ìdádúró, ìdánwò àti ìtìsíta. Àwọn tó ń lo WordPress lè fi Wordfence kún un, òun náà ní ti ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá dá kọ̀ǹpútà háyà fún ìkànnì rẹ̀ lè lo Fail2ban. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹ ṣe fẹ́ kó ṣiṣẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ẹ óò fi sílẹ̀ pátápátá fún ẹni tó kọ́ ìkànnì, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ oníbàárà yín.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣe. Ẹ fẹ́ mọ bí ọjọ́ lásán ṣe rí kí ẹ tó mọ ọjọ́ tí nǹkan yàtọ̀. Ìgbà wo ni oníbàárà yín ń wọlé jù? Ojú ewé mélòó ni ẹnì kan máa ń wò?

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tí ọ̀gá ń gbà wọlé. Bí Fail2ban ṣe wà kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án ni pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 10, yóò wà níta fún ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn lè dà bí ìjìyà kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ì bá gbìyànjú ẹgbẹẹgbẹ̀rún páásíwọ́ọ̀dù ní wákàtí kan kò ní í lè ju nǹkan bí 30 lọ mọ́ láti àdírẹ́sì kan, ìyẹn nǹkan bí 720 lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yín kò ní í sun ìta. Bí ẹni náà bá tún padà wá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè sọ ọ́ di wákàtí kan. Ẹ fi kóòdù orí fóònù kún páásíwọ́ọ̀dù yín pẹ̀lú, kí ẹni tó bá méfò rẹ̀ bá pàápàá má lè wọlé.

Lójú ewé ìsanwó, ẹ má ka àdírẹ́sì nìkan. Ẹ ní kó ka orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù tó fi sílẹ̀ àti ẹrù tó fẹ́ rà pọ̀ mọ́ ọn. Bí káàdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá kọ̀ lórí ẹrù kan ṣoṣo, kó má gba káàdì mọ́ fún ẹrù náà, kó ní kí oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì yín. Oníbàárà tòótọ́ yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dán káàdì wò kò ní owó tí yóò fi ránṣẹ́.

Lójú ewé tí ọjà wà, ìdádúró àti ìdánwò tó. Ẹni tó ń wo ọjà kò tíì jí nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ọdẹ tì í síta.

Ohun kan tó tún yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn síwájú ẹni tí ẹ̀rọ bá tì. Ojú ewé funfun tó kàn kọ "403" sára kò sọ nǹkan kan fún ìyá tó fẹ́ ra bàtà ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wa ti dá yín dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rajà, ẹ pè wá tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp," kí ẹ sì fi nọ́ńbà yín sí i. Rọ́bọ́ọ̀tì kò ní í pè. Ẹni tó bá pè, oníbàárà ni, ìpè rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọdẹ yín ti ṣìṣe.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ jókòó pẹ̀lú àkọsílẹ̀ náà fún ìdajì wákàtí. Ẹ wo iye tí wọ́n tì síta, ẹ wo iye nínú wọn tó ti rajà lọ́wọ́ yín rí. Bí àwọn tó ti rajà rí bá ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ dẹ okùn náà.

Òfin ńkọ́?

Kí ẹ̀rọ dá olè lóhùn kì í ṣe kí ó bá olè jà dé ilé rẹ̀ o. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ẹni tó ń gbẹ̀san sílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá tilẹ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀ lè jẹ́ oníkámẹ́rà kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2024, wọ́n ní kí ẹni tó bá rí ìkọlù tó lè ṣèdíwọ́ fún kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójútó ewu orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Bó bá sì jẹ́ pé àṣírí oníbàárà ló bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, òfin ààbò àṣírí ará ìlú ti ọdún 2023 ní kí ẹ fi tó àjọ tó ń mójútó o létí, láàárín wákàtí 72 bákan náà. Àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ yín ti ṣe ni ẹ óò gbé lọ. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, ẹnu lásán ni yóò fi máa rojọ́.

Bí ẹ bá pe ẹni tó ń mójútó ìkànnì yín lónìí, ìbéèrè mẹ́rin péré ni kí ẹ bi í. Ẹni tó bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ni ìkànnì wa ń ṣe fún un? Ẹni tí a bá tì síta, ìgbà wo ló máa padà wọlé? Ọ̀nà wo ni onítọ̀hún lè gbà rí wa bá sọ̀rọ̀? Ṣé ìránṣẹ́ owó ń kọjá láìsí ìdíwọ́? Bí kò bá rí èyíkéyìí dáhùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a jẹ́ pé ọdẹ yín ń sùn, tàbí kó ti máa yìnbọn lu oníbàárà láti ọjọ́ yìí wá.